Wo Ibi Tí Olùkọ́ Ń Wò

Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: KÍLÁÀSÌ ÀWỌN ÀGBÀ

Ibi Kíkà: Máàkù 9:33–37, 10:13–16

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Lúùkù 6:40 (Kí gbogbo kíláàsì ṣí Bíbélì wọn, kí a kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.)

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà ní láti wo ohun tí ojú àgbà náà wà lára rẹ̀, àti kí olúkúlùkù wa yẹ ara rẹ̀ wò, nítorí pé àwọn kan ń wo àwa náà.

Bíbélì Kíkà Ojoojúmọ́
Ọjọ́ Ajé: Àwọn Onídàájọ́ 7:15–18
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 2 Àwọn Ọba 2:1–15
Ọjọ́rú: Máàkù 3:13–19
Ọjọ́bọ̀: Lúùkù 11:1–4
Ọjọ́ Ẹtì: Jòhánù 13:3–17
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18:24–28
Ọjọ́ Ìsinmi: Máàkù 10:13–16

ÌFÁÀRÀ

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan nílẹ̀ wa tí a kì í fi ojú kọ́. Ọmọ tí a fà lé télọ̀ lọ́wọ́ kì í jókòó sídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ kìíní. Yóò gbálẹ̀, yóò ki òwú bọ abẹ́rẹ́, yóò sì máa wo bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń gé aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti alágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti aláró, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ẹni tí ń kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò yàtọ̀. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ Gíréèdì Kejì ti àtijọ́, àti ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń gba ìwé-ẹ̀rí N.C.E. lónìí, a máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìwé kí ó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kí ó wo bí àgbà olùkọ́ ṣe ń ṣe é, kí a tó fi ṣọ́ọ̀kì lé òun náà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá nínú ìjọ wa ni ó gba irú ẹ̀kọ́ yìí ní Baptist College, Ìwó, lórí ilẹ̀ tí Yunifásítì Bowen wà lónìí.

Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni ó rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó kún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ni a fi síwájú àwọn ọmọ. Oríire ni fún ẹni tí ó bá àgbà olùkọ́ kan ní kíláàsì kejì, tí ó lè máa yọjú wò láti ojú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹ̀kọ́ wa ti òní fẹ́ kí a bi ara wa: bí a bá jókòó ti àgbà, kí ni ó yẹ kí a máa wò?

I. ỌNÀ ỌLỌ́RUN NI PÉ KÍ ÈWE JÓKÒÓ TI ÀGBÀ

Ìwé Mímọ́ kún fún àwọn tí ó fi ojú kọ́ iṣẹ́ Olúwa. Nígbà tí Gídíónì mú ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin lọ sí etí ibùdó àwọn ará Mídíánì lóru, kò ka òfin ogun gígùn sí wọn létí. Ó ní kí wọ́n máa wo òun, kí wọ́n sì ṣe bí òun bá ti ṣe. Èlíṣà kò kúrò lẹ́yìn Èlíjà títí a fi gba Èlíjà lọ sókè. Òun ni a mọ̀ sí ẹni tí ń bu omi sí ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Àpólò ní tirẹ̀ jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, síbẹ̀ ó gbà kí Pírísílà àti Ákúílà mú òun sọ́dọ̀, kí wọ́n sì tún ọ̀nà Ọlọ́run là yé òun.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí Máàkù 3:14 sọ nípa àwọn méjìlá. Kí Olúwa tó rán wọn lọ wàásù, ó kọ́kọ́ yàn wọ́n kí wọ́n lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wíwà lọ́dọ̀ ni ó ṣáájú rírán lọ. Ẹni tí ó kánjú jáde kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ yóò máa kọ́ni ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Jákọ́bù sì ti kìlọ̀ fún wa ní orí kẹta ìwé rẹ̀ pé ìdájọ́ àwa olùkọ́ yóò le ju ti àwọn yòókù lọ.

II. A LÈ WÒ KÍ A MÁ RÍ

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1973, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, a rán mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní láti fi wo àwọn àgbà olùkọ́, kí èmi náà tó kọ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fún mi ní ìwé kan kí n máa kọ ohun tí mo bá rí sínú rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo kọ́kọ́ lò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Pàṣán kì í wọ́n lórí tábìlì rẹ̀. Bí ó bá wọlé, kíláàsì á pa rọ́rọ́. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin kún nípa rẹ̀, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé, "Olùkọ́ nìyí."

Ọjọ́ mẹ́ta yòókù ni mo lò ní kíláàsì kẹta, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìntì. Ìyá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Kì í sáré, kì í fò sókè, ó sì máa ń dákẹ́ púpọ̀. Ìlàjì ojú ewé kan péré ni mo rí kọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí: "Kò sí ohun tuntun." Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ojú máa ń tì mí.

Kíláàsì Ìyá Tíṣà gan-an ni wọ́n wá fi mí sí láti kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin kan pẹ́ dé. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún pẹ́. Mo mú un dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, mo bi í ní ìṣírò kan, kò lè dáhùn. Mo nà án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn pa rọ́rọ́, inú mi sì dùn pé èmi náà ti di olùkọ́. Ìyá Tíṣà jókòó sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan lójú àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà kò wá. Ní ọjọ́ kẹta kò wá. Nígbà tí a jáde ilé-ìwé ní ọjọ́ kẹta yẹn, Ìyá Tíṣà pè mí.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwé tí o ń kọ nǹkan sí nígbà tí o ń wò mí dà?"

Mo fà á lé e lọ́wọ́, àyà mi ń já. Ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, "Níbo ni mo máa ń dúró sí bí mo bá ń pe rẹ́jísítà?"

Mo ní, "Mà, n kò ṣàkíyèsí."

"Orúkọ ta ni mo máa ń pè kẹ́yìn?"

N kò mọ ìyẹn náà.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí pe rẹ́jísítà, kí ó lè rí àwọn tí ń bọ̀ lọ́nà, kí ó sì mọ ẹni tí ń sáré bọ̀ àti ẹni tí ń ṣeré bọ̀. Orúkọ ọmọbìnrin yìí ni ó máa ń pè kẹ́yìn, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà tí kò ríran mọ́ ni ọmọ náà ń gbé, tí ó sì gbọ́dọ̀ kiri àkàrà tán kí ó tó wá. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn, á ti wọlé. Láti oṣù mélòó kan ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọmọ kan kò fura.

Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni o ń wò. Àwọn ọmọ ni èmi ń wò. Ìdí nìyẹn tí o kò fi rí nǹkan kan."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú mi lọ sí ilé wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà náà. Wọ́n ní ọmọ náà ti sọ pé òun kò lọ mọ́, pé òun á kúkú máa kiri láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo bẹ ọmọ náà. Kò rọrùn fún mi, ará, nítorí pé ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo sì ka ara mi sí ẹni ńlá. Ojú Ìyá Tíṣà ni ó ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ó padà wá ní ọjọ́ kejì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n títí mo fi kúrò ní ilé-ìwé náà, kò na ọwọ́ sókè dáhùn ìbéèrè mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹgba máa ń jinná kíákíá. Ohun tí ẹnu bá bàjẹ́ kì í tètè tún ṣe.

III. OHUN TÍ ÀWỌN ỌMỌ-Ẹ̀YÌN KÒ RÍ

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí Bíbélì wa sí ibi kíkà wa. Ní Máàkù orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń jiyàn lọ́nà nípa ẹni tí ó tóbi jù láàárín wọn. Olúwa jókòó, ó pè wọ́n, ó mú ọmọ kékeré kan, ó fi í sí àárín wọn, ó sì gbé e mọ́ra. Ó sọ fún wọn pé ẹni tí ó bá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ òun, òun ni ó gbà. Gbogbo àwọn méjìlá ni ó wà níbẹ̀. Ojú gbogbo wọn ni ó ṣe.

Ní orí kẹwàá, wọ́n gbé àwọn ọmọ kékeré tọ Jésù wá kí ó lè fi ọwọ́ kàn wọ́n. Kí ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣe? Wọ́n bá àwọn tí ó gbé wọn wá wí! Ẹ̀kọ́ tí Olúwa fi ọmọ kékeré kọ́ wọn kò tíì tutù tí wọ́n fi ń lé àwọn ọmọ kékeré. Ẹsẹ kẹrìnlá sọ fún wa pé inú bí Jésù sí ohun tí wọ́n ṣe.

Ǹjẹ́ a lè sọ pé wọn kò wo Jésù? Wọ́n wò ó. Wọ́n ti rí i tí ó ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, wọ́n sì ti rí i tí ó ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọlá rẹ̀ àti agbára rẹ̀ ni ojú wọn wà lára. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ń lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ọlá Olúkọ́ni ni àwọn ń dáàbò bò. Wọn kò wo ibi tí ojú òun fúnra rẹ̀ wà. Ara ọmọ tí wọ́n ń tì sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn mi rí ní kíláàsì yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀ràn ọ̀pọ̀ wa nínú ìjọ. A ń wo bí olùṣọ́-àgùntàn ṣe ń na ọwọ́ bí ó bá ń wàásù, a ń fara wé ohùn rẹ̀ àti ìró ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kì í wo ilé opó tí ó yà sí kí ó tó bọ́ sórí pẹpẹ.

IV. OHUN TÍ MO RÍ NÍGBÀ TÍ MO TÚN WÒ

Mo bẹ Ìyá Tíṣà pé kí ó gba kíláàsì rẹ̀ padà fún ọjọ́ méjì, kí n tún jókòó wò ó. Ní àkókò yìí, mo yí àga mi sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè rí ojú àwọn ọmọ. Ohun mẹ́rin ni n kò gbàgbé.

Èkíní: bí ó bá fẹ́ bi ìbéèrè, gbogbo kíláàsì ni yóò bi. Yóò dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó dárúkọ ẹni tí yóò dáhùn. Wọ́n ti kọ́ wa ní èyí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì ti fi yege ìdánwò, ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ ni ó jẹ́ kí n mọ ìdí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kọ́kọ́ dárúkọ, gbogbo àwọn yòókù á sinmi. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì dárúkọ, olúkúlùkù ni yóò máa ronú. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo pè ní ọ̀lẹ, inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Èkejì: bí ó bá kọ nǹkan sí pátákó tán, yóò rìn lọ sẹ́yìn kíláàsì, yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ó kéré jù, yóò sì wo pátákó láti ibẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà rí i.

Ẹ̀kẹta: bí ọmọ bá ṣi ìṣírò, kì í pariwo mọ́ ọn. Yóò ní, "Sọ bí o ṣe rò ó fún mi." Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ á sì rí ibi tí ó ti ṣìnà.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó wọ̀ mí lára jù: ó jẹ́ kí n wo ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ti ń kọ́ni fún ọdún púpọ̀, ó lè kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà lórí. Síbẹ̀, alaalẹ́ ni ó ń kọ tuntun. Ní etí ìwé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ ni ó wà níbẹ̀. Ó ti mọ ẹni tí ó fẹ́ fún ní ìbéèrè tí ó rọrùn, àti ẹni tí èyí tí ó le tọ́ sí, kí ó tó kúrò nílé.

Mo rántí Áárónì olórí àlùfáà, ẹni tí Ẹ́kísódù 28:29 sọ pé ó ń gbé orúkọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní àyà rẹ̀ bí ó bá ń wọ ibi mímọ́. Mo sì rántí Olùṣọ́-Àgùntàn Rere tí ń fi orúkọ pe àwọn àgùntàn tirẹ̀ (Jòhánù 10:3). Àgbà lè fi ohun tí ó ń ṣe hàn wá ní wákàtí kan. Ìfẹ́ tí ó mú un ṣe é kò ṣeé fi ojú rí, àfi bí a bá wo ẹni tí ó fẹ́ràn.

V. A Ń WO ÀWA NÁÀ

Ẹsẹ àkọ́sórí wa sọ ohun kan tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù díẹ̀: bí ọmọ-ẹ̀yìn bá kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé, bí olùkọ́ rẹ̀ ni yóò rí. Olúwa kò ní yóò mọ ohun tí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó ní yóò rí bí i rẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Pàṣán tí mo gbé ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́ mi, ta ni mo ti rí i lọ́wọ́ rẹ̀? Ọkùnrin tí mo kọ ojú ewé mẹ́rin nípa rẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé òun kọ́ mi ní ìyẹn. Bóyá ó ní inú rere tirẹ̀ tí èmi kò wò.

Ọmọ rẹ nínú ilé ń wo bí o ṣe ń bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ ń wo bí o ṣe ń wọn gààrí fún oníbàárà. Ìyàwó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ń wo bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ń gbàdúrà, àti ohun tí ó ń sọ nípa aládùúgbò lẹ́yìn àdúrà. Igbákejì olùkọ́ nínú kíláàsì yìí ń wò bóyá olùkọ́ ti ka ẹ̀kọ́ nílé, tàbí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti ń ṣí ìwé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mú ìwé àti bírò dání, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ń kọ ọ́ sí ọkàn.

Pọ́ọ̀lù lè kọ̀wé sí Tímótíù pé ó ti mọ ẹ̀kọ́ òun, ìwà òun, ìgbàgbọ́ òun, ìfẹ́ òun àti sùúrù òun (2 Tímótíù 3:10). Ta ni àwa lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí láìfòyà?

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌGBÉ-AYÉ WA

1. Kí èwe má ṣe kánjú pe àgbà ní ẹni tí kò ní ohun tuntun. Kí ó yí àga rẹ̀ padà, kí ó tún wò.
2. Kí àgbà má ṣe dójú ti èwe tí ó ṣìṣe lójú àwọn ènìyàn. Pírísílà àti Ákúílà mú Àpólò sọ́dọ̀ ni. Ìyá Tíṣà dúró títí a fi jáde ilé-ìwé.
3. Ẹni tí ó bá ṣẹ ọmọdé, kí ó bẹ ọmọdé. Kò dín iyì olùkọ́ kù níwájú Ọlọ́run.
4. Nínú gbogbo ohun tí a bá ń wò lára àwọn àgbà, kí a máa béèrè pé, "Ta ni ojú rẹ̀ wà lára?" Bí ó bá jẹ́ ara rẹ̀ nìkan ni ó ń wò, kí a ṣọ́ra láti tẹ̀lé e. Bí ojú rẹ̀ bá wà lára àwọn tí Kristi kú fún, kí a tẹ̀lé e.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fà á tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fi lé àwọn ọmọdé, lẹ́yìn ohun tí wọ́n ti rí ní Máàkù orí kẹsàn-án?
2. Sọ nípa àgbà kan tí o kọ́ iṣẹ́ tàbí ìwà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ni o kọ́kọ́ rí? Kí ni ó tó pẹ́ kí o tó rí?
3. Ọmọ wo, tàbí ẹni wo, nínú ìjọ yìí ni ó máa ń pẹ́ dé tí a kò tíì béèrè ìdí rẹ̀?
4. Báwo ni ìjọ wa ṣe lè fi àwọn olùkọ́ tuntun jókòó ti àwọn àgbà olùkọ́ kí a tó fún wọn ní kíláàsì?

ÀDÚRÀ ÌPARÍ

Olúwa Olùkọ́ wa, dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a jókòó lọ́dọ̀ rẹ tí a kò wo ibi tí ojú rẹ wà. Fi àwọn kékeré tí a ti lé sẹ́yìn hàn wá, kí o sì fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti lọ bẹ̀ wọ́n. Jẹ́ kí àwọn tí ń wò wá rí ìwọ. Ní orúkọ Jésù ni a bẹ̀bẹ̀. Àmín.